Ṣéènì Tó Ń Yọ: Sátidé Kan Láàárín Iṣẹ́ Òru Méjì

Aago 6:20 àárọ̀

Iwájú ibùdókọ̀ ojú irin Woolwich ni ṣéènì ti yọ. Iṣẹ́ òru ni mo ti ń bọ̀, ní ilé ìtọ́jú àwọn àgbàlagbà kan lápá Custom House. Mo wọ Elizabeth line, ọkọ̀ gba abẹ́ odò Thames kọjá, mo sọ̀, mo fa kẹ̀kẹ́ kíká mi jáde nínú lífìtì, mo tú u, mo gùn ún. Bí mo ṣe tẹ pẹ́dàlì báyìí, ẹsẹ̀ mi yí lófo. Kẹ̀kẹ́ ò sún rárá. Mo bojú wolẹ̀: ṣéènì ti kúrò lórí irin eléyín iwájú, ó rọ̀ dirodiro sínú, láàárín irin náà àti férémù.

Ẹ̀ẹ̀kẹta rèé láàárín ọjọ́ márùn-ún. Mo ti mọ ohun tí mo máa ṣe. Mo ti apá gíà ẹ̀yìn síwájú kí ṣéènì lè dẹ̀, mo fi ìka gbé e lé eyín, mo rọra yí pẹ́dàlì títí ó fi jókòó. Kò ju ìṣẹ́jú kan lọ. Ọwọ́ ló ń bàjẹ́. Lọ́jọ́ Ìṣẹ́gun, lílọ ni mò ń lọ síbi iṣẹ́ nígbà tó ṣẹlẹ̀. Ẹ̀ẹ̀mẹta ni mo fi ọṣẹ fọ ọwọ́ kí n tó wọ yàrá ẹnikẹ́ni, síbẹ̀ òróró dúdú yẹn kò kúrò lábẹ́ èékánná. Ìyá àgbàlagbà kan tí mo máa ń bá wọ aṣọ sùn wo ọwọ́ mi, ó rọra fa apá tirẹ̀ sẹ́yìn. Kò sọ nǹkan kan. Mi ò bá a wí. Ọwọ́ ni mo fi ń jẹun nídìí iṣẹ́ yìí, ọwọ́ dúdú kì í ṣe ohun tí èèyàn ń nà sí ẹni tó ti lé ní ọgọ́rin ọdún.

Aago 6:45 àárọ̀

Láti Woolwich dé ilé wa ní Thamesmead, ilẹ̀ tẹ́ pẹrẹsẹ lẹ́gbẹ̀ẹ́ odò. Ibẹ̀ gan-an ni ọ̀rọ̀ yìí ti bẹ̀rẹ̀. Táyà kẹ̀kẹ́ mi jẹ́ ínǹṣì 20. Bó bá yí lẹ́ẹ̀kan, bíi mítà kan àbọ̀ ló ń rìn, nígbà tí táyà kẹ̀kẹ́ ńlá ń rìn bíi mítà 2.1. Irin eléyín iwájú tó bá kẹ̀kẹ́ náà wá ní eyín 52, èyí tó kéré jù lẹ́yìn ní 11. Bí mo bá yí pẹ́dàlì lẹ́ẹ̀kan nínú gíà tó yá jù, mítà 7.1 ni mo rìn. Ìyẹn dára fún ìgboro. Ṣùgbọ́n lójú ọ̀nà gbọọrọ tí kò sí iná ìdúró, tí afẹ́fẹ́ sì ń ti èèyàn lẹ́yìn, ẹsẹ̀ mi á máa sáré bí ẹsẹ̀ aránṣọ lórí mọ́ṣíìnì, àwọn tó gun kẹ̀kẹ́ ńlá á sì máa kọjá lára mi wọ́ọ́rọ́wọ́.

Eléyín 56 ni mo wá rà. Mítà 7.6 ló ń fúnni ní ìyípo kan. Bí mo bá ń yí pẹ́dàlì nígbà 80 ní ìṣẹ́jú kan, eré mi á kúrò ní kìlómítà 34 ní wákàtí, á di 36 àti díẹ̀. Ẹni tí kì í gun kẹ̀kẹ́ lè ní kí ló wà nínú ìyẹn. Orúnkún mi mọ̀ ọ́n. Ẹni tó ti fi gbogbo òru gbé àgbàlagbà láti orí ibùsùn sórí àga, kò tún fẹ́ máa yí ẹsẹ̀ lásán.

Ọjọ́ Àìkú tó kọjá ni mo fọwọ́ ara mi dè é. Nígbà tó yọ lẹ́ẹ̀kejì, mo pe ẹni tó tà á fún mi. Ó ní bí eléyín iwájú bá ti tóbi, ṣéènì á máa yọ ni, kò sí ohun tí ẹnikẹ́ni lè ṣe sí i, kí n dá 52 mi padà. Ọ̀rọ̀ yẹn wà lọ́kàn mi títí mo fi délé.

Aago 7:30 àárọ̀

“Bàbá Ìbejì, ẹ káàbọ̀. Ó tún yọ?” Ìyàwó mi ti rí ọwọ́ mi kó tó rí ojú mi. “Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má fọwọ́ yẹn kan àwọn ọmọ. Ẹ ò ṣe gbé e lọ bá Bàbá?”

Mo wẹ̀, mo mu ògì, mo sùn.

Aago 11:50 àárọ̀

Bàbá tí ìyàwó mi ń wí ń gbé ní òpópónà kejì sí wa. Bọ́ọ̀sì ló wà fún ọ̀pọ̀ ọdún nílùú London kó tó fẹ̀yìn tì, ṣùgbọ́n kó tó dé ìlú òyìnbó, kẹ̀kẹ́ ló ń tún ṣe ní Mọ́kọ́lá, Ìbàdàn. Raleigh ni púpọ̀ nínú wọn nígbà náà, èyí tí wọ́n ń kó wá láti Nottingham. Ó ṣì ní ṣẹ́ẹ̀dì kan lẹ́yìnkùlé tó kún fún sípánà, ó sì ń bínú sí ẹni tó bá gbé sípánà síbi tí kì í ṣe àyè rẹ̀.

Mo dọ̀bálẹ̀ lẹ́nu ọ̀nà ṣẹ́ẹ̀dì. Ó ní kí n dìde, ilẹ̀ tutù. Mo ro ẹjọ́ mi. Mo sọ ohun tí ẹni tó tà á fún mi wí, pé irin ńlá ló fà á.

“Irin ńlá,” ni Bàbá wí. Ó gbé kẹ̀kẹ́ kọ́ orí irin ìgbékẹ̀kẹ́, kò fọwọ́ kan sípánà kankan. Iná tọ́ọ̀ṣì ló kọ́kọ́ mú. “Nígbà tó bá yọ, ibo ló ń bọ́ sí? Inú àbí ìta?”

“Ó ṣáà ń yọ ni, sà.”

“Ó ṣáà ń yọ kọ́. Wá wò ó.”

Ó tan iná sí apá pẹ́dàlì ọ̀tún. Ojú kan wà níta níbi tí irin ti há, tó funfun yàtọ̀ sí àyíká rẹ̀. Ó tan iná sínú, lẹ́gbẹ̀ẹ́ ibi tí ọ̀pá àárín ti wọ férémù: ojú méjì, kùn ti bó, òróró ti wọ inú rẹ̀. “Ìta ẹ̀ẹ̀kan, inú ẹ̀ẹ̀mejì. Ọ̀ràn méjì lo gbé wá, o pè é ní ọ̀kan.”

Mo wá rántí. Tọjọ́ Ìṣẹ́gun, orí eré ni. Mo wà nínú gíà tó yá jù, mo gorí gbòǹgbò igi tó ti gbé ọ̀dà ọ̀nà sókè, mo gbọ́ kà! Ṣéènì wà níta nígbà tí mo sọ̀. Ti Ọjọ́bọ̀ àti ti òwúrọ̀ yìí, mi ò tíì gbéra rárá. Mo ṣẹ̀ṣẹ̀ tú u ní iwájú ibùdókọ̀ ni.

“Gíà wo lo wà nígbà tó o ká a?”

“Gíà kejì, sà. Mo máa ń rẹ̀ ẹ́ sílẹ̀ kí n tó dúró, kó lè rọrùn láti gbéra.”

Ó mi orí. Ó ní nígbà tí òun wà ní Mọ́kọ́lá, bí ṣéènì Raleigh bá ń yọ, ó ti dẹ̀ ni. Èèyàn á tú nọ́ọ̀tù ẹ̀yìn, á fa táyà sẹ́yìn, á dè é padà, ó parí. Eléyín kan níwájú, eléyín kan lẹ́yìn, wọ́n dojú kọ ara wọn gbọọrọ. Tèmi ní mẹ́jọ lẹ́yìn. Sípíríǹgì inú apá gíà ló ń fa ṣéènì le, ṣéènì sì ní láti máa yà sọ́tùn-ún sósì kó tó dé orí èyí tí mo bá yàn. Eléyín kan ṣoṣo ló wà níwájú, kò sì sí ohunkóhun tó ń dá ṣéènì dúró lórí rẹ̀ àfi eyín fúnra rẹ̀.

Aago 1 ọ̀sán

Wákàtí yìí ló kọ́ mi lọ́gbọ́n jù ní gbogbo ọjọ́ náà.

Bàbá mú rúlà irin gígùn kan, ó tẹ́ ẹ mọ́ ojú irin eléyín iwájú, ó jẹ́ kí ìpẹ̀kun rẹ̀ nà dé ẹ̀yìn. Nínú mẹ́jọ, ó yẹ kí rúlà náà tọ́ka sí àárín, láàárín ìkẹrin àti ìkarùn-ún. Orí ìkẹfà ló wà, bí a bá kà á láti inú síta. Ó wò mí. Mo mọ̀ pé ó ti tó àkókò láti jẹ́wọ́.

Lọ́jọ́ Àìkú, mo kọ́kọ́ de eléyín 56 síbi tí 52 wà tẹ́lẹ̀, ní ojú inú apá pẹ́dàlì. Irin tó ní eyín mẹ́rin lé máa ń fẹ̀ sí i ní mílímítà mẹ́jọ láti àárín dé etí. Mílímítà mẹ́jọ yẹn gbé eyín rẹ̀ dé ẹ̀gbẹ́ ọ̀pá férémù tó lọ sí táyà ẹ̀yìn. Bí mo bá fọwọ́ yí i, kò kan nǹkan. Bí mo bá dúró lórí pẹ́dàlì, ó ń ha férémù. Kàkà kí n ronú, mo tú ààbò ṣéènì tó wà lójú ìta kúrò, mo gbé irin eléyín síbẹ̀. Ó yí, kò ha nǹkan kan, mo dúpẹ́ lọ́wọ́ Ọlọ́run, mo gbé e lọ síbi iṣẹ́.

Láti ojú inú sí ojú ìta yẹn, bíi mílímítà méje ni. Àlàfo láàárín eléyín kan àti èkejì rẹ̀ lẹ́yìn kẹ̀kẹ́ onígíà mẹ́jọ jẹ́ mílímítà 4.8. Mo ti gbé ojú ọ̀nà ṣéènì kúrò ní àyè rẹ̀ bí ìwọ̀n eléyín kan àbọ̀ nìyẹn. Nígbà tí mo bá wà ní gíà kejì, lọ́hùn-ún nínú, ṣéènì ń jáde lórí irin iwájú ní wíwọ́, ó ń wá inú. Bí pẹ́dàlì bá yí sẹ́yìn díẹ̀ pẹ́rẹ́ báyìí, inú náà ló máa bọ́ sí. Ààbò tí mo sì yọ kúrò, òun ló yẹ kó dá ṣéènì dúró lórí gbòǹgbò igi lọ́jọ́ Ìṣẹ́gun. Bí mo bá tilẹ̀ dá a padà, kò lè ṣiṣẹ́ mọ́: irin 52 ni wọ́n ṣe é fún. Ṣéènì orí 56 ga jù ú lọ.

Ẹ̀ṣẹ̀ kẹta kì í ṣe tèmi nìkan. Bàbá ní kí n fi ìka tọ eyín irin tí mo rà. Àwọn kan kúrú, àwọn kan ni a gé ní ẹ̀gbẹ́, àwọn ìṣó kéékèèké sì wà lára irin náà lójú inú. Irin kẹ̀kẹ́ tó ní eléyín méjì níwájú nìyẹn. Wọ́n ṣe eyín rẹ̀ bẹ́ẹ̀ kí ṣéènì lè tètè kúrò lórí rẹ̀, kó lọ sórí èkejì. Ohun tí wọ́n ṣe kó máa jọ̀wọ́ ṣéènì ni wọ́n tà fún mi pé kó máa dì í mú. Ó dùn mí gan-an. Ẹni tó tà á rí kẹ̀kẹ́ mi lójú, ó rí i pé eléyín kan ló ní.

Ìkẹrin ni ṣéènì fúnra rẹ̀. Oríkèé 24 ṣéènì tuntun máa ń gùn ní ínǹṣì 12 géérégé. A fi rúlà wọn tèmi, ó fi ìdá kan nínú mẹ́rìndínlógún ínǹṣì lé. Ó ti jẹ. Ṣéènì tó ti jẹ máa ń rọ̀ lọ sẹ́gbẹ̀ẹ́. Oríkèé 106 ni gbogbo rẹ̀, èyí tó tó fún 52. Irin tó fi eyín mẹ́rin lé ń fẹ́ oríkèé méjì sí i, torí ìdajì irin náà ni ṣéènì ń yí ká. Mo wà pẹ̀lú ṣéènì tó kúrú fún gbogbo ọ̀sẹ̀ náà. Bí mo bá ti bọ́ sí gíà kìíní, apá gíà á nà tàn-án bí okùn ọ̀já.

Bàbá kó rúlà rẹ̀ padà sí àyè rẹ̀. “Ṣé o rí irin ńlá tó o ní ó ń ṣe é?”

Aago 2:10 ọ̀sán

A jọ wọ bọ́ọ̀sì lọ wá ẹ̀yà ara kẹ̀kẹ́. Lójú ọ̀nà, Bàbá sọ ohun kan tí mo fẹ́ kí ẹni tó bá gun kẹ̀kẹ́ kíká Brompton fetí sí. Andrew Ritchie ló ṣe Brompton nílùú London yìí ní àwọn ọdún 1970. Tirẹ̀, ìdajì ẹ̀yìn férémù ló ń ká bọ́ sábẹ́, ìdí nìyẹn tó fi ní apá onísípíríǹgì tirẹ̀ tó ń gba ìdẹ̀ra ṣéènì bí ó bá ti ká. Eléyín 44, 50 àti 54 ni wọ́n ń ṣe fún un. Irú tèmi, láàárín férémù ló ti ń ká, bíi ti àwọn kẹ̀kẹ́ tí David Hon, onímọ̀ físíìsì tó dá iléeṣẹ́ Dahon sílẹ̀ ní California lọ́dún 1982, sọ di mímọ̀ káàkiri ayé. Ìdajì ẹ̀yìn tirẹ̀ kì í yí padà bó bá ká. Ìwọ̀n tí mò ń kọ síhìn-ín, ti onítáyà 20 tó ń ká láàárín ni.

Ṣọ́ọ̀bù kejì ní ohun gbogbo: irin eléyín 56 mìíràn, ààbò tó bá a mu, ṣéènì onígíà mẹ́jọ, ọ̀pá àárín, àti ìkọ́ kékeré kan tí a ń de mọ́ ọ̀pá ìjókòó.

Aago 3:15 ọ̀sán

Ọ̀pá àárín ni kọ́kọ́rọ́ gbogbo rẹ̀, òun sì ni mi ò ronú kàn lọ́jọ́ Àìkú. Òun ni ọ̀pá tó gba inú férémù kọjá, tí apá pẹ́dàlì méjèèjì jókòó lé lọ́tùn-ún lósì. Tèmi gùn ní mílímítà 113. Èyí tí a rà jẹ́ 118. Ó fi márùn-ún gùn jù ú, ìdajì rẹ̀ bọ́ sápá ọ̀tún: mílímítà méjì àbọ̀. Ìyẹn tó láti gbé irin eléyín kúrò lára férémù, tí yóò fi lè padà sí ojú inú níbi tó yẹ ẹ́, kí ààbò sì padà síta.

Bàbá jẹ́ kí n fọwọ́ ara mi ṣe é. Mo tú bóòtù apá pẹ́dàlì, mo fi irin ìfàpẹ́dàlì fà á jáde. Nígbà tó kan ìdérí ọ̀pá àárín lápá ọ̀tún, mo fi gbogbo agbára tì í sí òsì bí a ti ń tú bóòtù. Kò mira. Bàbá fi ọwọ́ lé èjìká mi. Ìdérí ọ̀tún yẹn, ọ̀nà tí gbogbo bóòtù yòókù ń gbà dè ni òun ń gbà tú. Ẹni tí kò bá mọ̀, á máa dè é le sí i títí férémù á fi bàjẹ́. Mo yí i sí ọ̀tún, ó ké, ó tú.

A nu inú rẹ̀, a fi gírísì sí i, a ti 118 wọlé, a dè é. Mo da apá pẹ́dàlì padà, mo de irin eléyín tuntun sí ojú inú, ààbò sí ìta. Bóòtù márùn-ún ló dè wọ́n pọ̀. Bàbá kò jẹ́ kí n de ọ̀kan le kí n tó dé èkejì: díẹ̀díẹ̀, kí n máa fo ọ̀kan sílẹ̀ bí mo ṣe ń yí i ká, kí irin má bàa wọ́.

Lẹ́yìn náà ó yọ owó pọ́n-ùn kan nínú àpò. Owó yẹn nípọn ní mílímítà 2.8. Ó tì í sí àárín irin eléyín àti ọ̀pá férémù. Ó wọlé, ó fẹ́rẹ̀ẹ́ há. “Dìde dúró lórí pẹ́dàlì.” Mo gun kẹ̀kẹ́ nílẹ̀, mo di bíréèkì mú, mo fi gbogbo ara tẹ̀ ẹ́. Férémù sún díẹ̀, mo fojú rí i, ṣùgbọ́n kò kan eyín. Mílímítà mẹ́ta tí èèyàn rò pé ó ṣòfò, fún ìsún yẹn ni.

Ó kan eyín irin tuntun náà. Bí o bá wò ó láti òkè, kò dọ́gba: ọ̀kan gbòòrò, ọ̀kan tín-ín-rín, ọ̀kan gbòòrò, ọ̀kan tín-ín-rín, títí dé 56. Oríkèé ṣéènì náà kò dọ́gba. Ọ̀kan ní àyè gbòòrò nínú, èyí tó tẹ̀ lé e ní àyè tóóró. Eyín gbòòrò kún inú àyè gbòòrò dẹ́ńdẹ́, kò sí ibi tí ṣéènì á ti máa jó sọ́tùn-ún sósì. Iléeṣẹ́ SRAM ti Amẹ́ríkà ló gbé irú eyín yìí jáde lọ́dún 2012 fún àwọn kẹ̀kẹ́ orí òkè tó ń fò lórí òkúta. Iye eyín rẹ̀ gbọ́dọ̀ pín sí méjì láìṣẹ́kù. Kò lè jẹ́ 53. Èèyàn sì gbọ́dọ̀ ṣọ́ bó ṣe ń gbé ṣéènì lé e. Ìgbà kìíní tí mo gbé e lé e, mo fi oríkèé tóóró lé eyín gbòòrò, ó jókòó téńté lórí rẹ̀ bí adìyẹ lórí ẹyin, kò wọlé. Mo sún un síwájú ní eyín kan, ó wọ̀ ọ́ ṣìnkún.

Ṣéènì tuntun ní oríkèé 116 nínú páálí. A gé mẹ́jọ kúrò, ó ku 108. Bàbá tún tẹ́ rúlà rẹ̀. Orí ìkarùn-ún ló wà.

Aago 5 ìrọ̀lẹ́

Mo gbé e jáde. Mo gba ọ̀nà Ridgeway, èyí tó gba orí òkìtì páìpù ìdọ̀tí ńlá ayé ìgbàanì lọ sí Plumstead, ó lọ gbọọrọ, òkúta wẹ́wẹ́ wà níbẹ̀. Gíà kẹjọ, eré. Mo padà sójú ọ̀nà ẹ̀gbẹ́ odò, mo wá gbòǹgbò igi ọjọ́ Ìṣẹ́gun rí, mo gorí rẹ̀ lẹ́ẹ̀mẹrin. Kò sí kà. Ẹsẹ̀ mi ń lọ jẹ́ẹ́jẹ́, odò ń kọjá, mo ń dá rẹ́rìn-ín.

Mo wá dojú kọ Shooters Hill, tó ga ju mítà 130 lọ. Òtítọ́ ni kí n sọ: níbẹ̀, 56 ń sìn mí ní gbèsè. Eléyín tó tóbi jù lẹ́yìn kẹ̀kẹ́ mi ní eyín 28. Pẹ̀lú 52, mo máa ń gun òkè yẹn lórí ìjókòó. Pẹ̀lú 56, mo dìde dúró nígbà tó ku díẹ̀ kí n dé orí. Bí ilé rẹ bá wà lórí òkè, tí o sì ń gun òkè náà lójoojúmọ́, fi 52 rẹ sílẹ̀ níbi tó wà. Ọ̀nà tèmi tẹ́jú.

Aago 6:15 ìrọ̀lẹ́

Mo padà sọ́dọ̀ Bàbá tìdùnnú-tìdùnnú. Ọ̀nà tóóró kan ló gba ẹ̀gbẹ́ ilé rẹ̀ dé ẹ̀yìnkùlé, mo ká kẹ̀kẹ́, mo ń fà á sẹ́yìn gba ibẹ̀ kọjá. Mo gbọ́ kà. Ṣéènì ti bọ́ sínú.

Ọkàn mi bàjẹ́. Inú Bàbá dùn. “Má gbé e padà. Wò ó dáadáa ná. Wàá tún un ṣe lójú mi.”

A tún un ṣe nígbà méje. Ohun tó ń ṣẹlẹ̀ rèé, ẹni tó ní kẹ̀kẹ́ kíká, fara balẹ̀ kà á. Bí táyà ẹ̀yìn bá ń yí sẹ́yìn, kì í yí lásán bíi ti ìgbà tí à ń lọ síwájú tí a ò tẹ pẹ́dàlì. Ó ń fa eléyín ẹ̀yìn lọ pẹ̀lú rẹ̀, eléyín ẹ̀yìn ń fa ṣéènì, ṣéènì sì ń yí pẹ́dàlì sẹ́yìn. Nígbà náà, ìsàlẹ̀, láti ibi apá gíà, ni ṣéènì ti ń wọ irin iwájú.   Bí ó bá ń wọlé ní wíwọ́, kì í jókòó lórí eyín dáadáa. Eyín gbòòrò kò lè di ohun tí kò jókòó lórí rẹ̀ mú. Bí kẹ̀kẹ́ bá wá wà ní gíà kejì, tí ṣéènì dojú kọ inú, inú ni yóò wó sí.

Bẹ́ẹ̀ ni mo ṣe ń fa kẹ̀kẹ́ mi jáde nínú lífìtì Woolwich lójoojúmọ́. Ẹ̀yìn ni mo máa ń fi jáde.

Aago 7 alẹ́

Iṣẹ́ tó kù kò pọ̀. A de ìkọ́ kékeré náà mọ́ ọ̀pá ìjókòó, ó nà wá sílẹ̀, ó dúró ní ẹ̀gbẹ́ inú ṣéènì, kò kàn án, ìwé kan lè gba àárín wọn kọjá. Ààbò wà níta, ìkọ́ wà nínú, ṣéènì wà láàárín. Ọ̀pá ìjókòó kẹ̀kẹ́ kíká sanra ju ti kẹ̀kẹ́ ńlá lọ, kí ẹni tó bá fẹ́ ra ìkọ́ wọn tirẹ̀ kó tó ra.

Àwọn ohun tí èmi fúnra mi ń ṣe náà yí padà. Kí n tó dúró, mo ń fi gíà sí ìkarùn-ún, níbi tí ṣéènì ti lọ gbọọrọ, kì í ṣe kejì. Bí mo bá ti ká kẹ̀kẹ́, iwájú ni mò ń fà á sí. Bí àyè kò bá gba ìyẹn, mo ń gbé táyà ẹ̀yìn kúrò nílẹ̀.

Bàbá ní kí n ká a, kí n tú u, kí n fà á, ní ogún ìgbà. Níbi ìkẹtàdínlógún, mo mọ̀ọ́mọ̀ fà á sẹ́yìn ní gíà kejì. Ṣéènì gbéra, ó fara ti ìkọ́, ó padà sórí eyín nígbà tí mo tẹ pẹ́dàlì. Bàbá pa iná ṣẹ́ẹ̀dì. Mo fẹ́ fún un lówó, ó kọ̀ ọ́, ó ní kí n kí ìyàwó mi, kí n sì dá pọ́n-ùn rẹ̀ tó wà lọ́wọ́ mi padà.

Aago 8:05 alẹ́

Mo jẹ ìrẹsì díẹ̀, mo wọ aṣọ iṣẹ́, mo gun kẹ̀kẹ́ lọ sí Woolwich. Mo fi gíà sí ìkarùn-ún, mo ká a, mo tì í wọ lífìtì síwájú, mo wọ ọkọ̀. Kẹ̀kẹ́ ńlá kì í wọ Elizabeth line nígbà tí èrò bá pọ̀ láàárọ̀ àti ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ iṣẹ́. Èyí tó ti ká ń wọ̀ ọ́ nígbàkugbà, ìdí tí mo fi fara mọ́ tèmi nìyẹn láìka gbogbo wàhálà rẹ̀ sí. Ní Custom House mo tú u níta, mo gùn ún, pẹ́dàlì dá mi lóhùn.

Aago 8:50 ni mo wọ ibi iṣẹ́. Mo fọ ọwọ́ lẹ́ẹ̀kan, bí òfin ibẹ̀ ti wí. Ìyá àgbàlagbà yẹn ṣì jókòó lórí àga rẹ̀, ó ń dúró kí ẹnìkan wá bá òun wọ aṣọ sùn. Mo na ọwọ́ sí i, ó dì í mú.